Bí Àlejò Kò Bá Jáde Láàárọ̀, Ta Ni Yóò Mọ̀?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ léraléra lẹ́nu àwọn ojúgbà mi àti àwọn ọmọ wa tó ń rìnrìn-àjò nítorí iṣẹ́, pé ayé ilé ìtura ti kọjá, pé ẹni tó bá gbọ́n, ilé àyágbé ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní ṣọ́ọ̀tílẹ́ẹ̀tì ni yóò wọ̀ sí, nítorí pé ó ní ilé ìdáná, ó ní pálọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò máa yọjú sí ọ̀ràn ẹni. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló jọ ń lọ, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá rìn, pàápàá jù lọ tó bá jẹ́ obìnrin, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: bí n kò bá jáde nínú ilé yìí láàárọ̀ ọ̀la, ta ni yóò mọ̀, yóò sì ti pẹ́ tó kí ó tó mọ̀?

Iṣẹ́ ayẹ̀wé-owó-wò ni mo ń ṣe, iṣẹ́ náà sì máa ń gbé mi kúrò ní Adó-Èkìtì lọ sí Àkúrẹ́, Ìlọrin, Abẹ́òkúta àti Èkó, èmi nìkan, pẹ̀lú báàgì aṣọ kan àti ìwé oníwèé tí kò gbọdọ̀ sọnù. Mo ti sùn sí oríṣi ibùwọ̀ méjèèjì. Nílé wa níbí náà, àwọn tó ń dá wá pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ: òbí tó mú ọmọ wá sí Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, olùkọ́ tí wọ́n pè wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ẹni tó wá tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, àti ẹni tó kàn fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkọ́gòsì. Láyé àtijọ́, ilé ẹbí tàbí ilé ọ̀rẹ́ bàbá ẹni ni gbogbo wọn ì bá dé sí. Àwọn àgbà wa kan ṣì máa ń bínú bí wọ́n bá gbọ́ pé ènìyàn sanwó ibùsùn nínú ìlú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, àmọ́ ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti owó, nítorí òun ni wọ́n fi ń polówó. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ìtura ń gbowó lé lórí. Odindi ilé ni onílé àyágbé ń gbowó lé lórí, ì báà jẹ́ ẹnì kan ló sùn síbẹ̀ tàbí ẹni mẹ́rin. Ká ní yàrá ilé ìtura jẹ́ ₦25,000 lóru kan, tí ilé àyágbé oníyàrá méjì sì jẹ́ ₦45,000. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá dá owó náà jọ, ₦15,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, èrè gidi sì ni. Ẹni tó bá dá wá ni yóò dá san ₦45,000 fún yàrá kejì tí kò ní wọ̀ àti àga pálọ̀ tí kò ní rí ẹni bá a jókòó lé. Wọ́n tún lè gba owó ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tó lè bàjẹ́, kí wọ́n sì sọ fún un pé kó máa fi owó ara rẹ̀ ra iná sínú mítà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn àdúgbò tí iná ń pẹ́ jù lọ, ga, ẹni tó bá tan ẹ̀rọ amúlétutù sùn mọ́jú ládùúgbò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Mítà kò mọ àlejò. Bí iná inú rẹ̀ bá ń tán lọ lóru, yóò kọ́kọ́ máa ké pí, pí, pí lára ògiri, lẹ́yìn náà ni ilé yóò ṣókùnkùn biribiri, àlejò kò sì mọ nọ́ńbà mítà tí yóò fi ra òmíràn, onílé sì ti pa fóònù rẹ̀ sùn.

Ti ilé ìdáná tí wọ́n ń yìn ńkọ́? N kò tíì rí ẹnì kan nínú àwọn tó ń yìn ín fún mi tó gún iyán níbẹ̀. Ìndómì ni wọ́n ń sè. Ẹni tó bá wá sí Adó fún ọjọ́ méjì, iyán gbígbóná wà ní búkà, kò ní ẹ̀bẹ̀ ìkòkò ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni òru. Ní ilé ìtura tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kan wà ní káńtà tọ̀sán-tòru. Ó ti kọ orúkọ mi sílẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù mi, àti ibi tí mo ti wá, àti ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù tí n kò tíì dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọn yóò wá kan ilẹ̀kùn mi, bí kò tilẹ̀ jẹ́ nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí mi, nítorí owó ọjọ́ kejì ni. Nínú ilé àyágbé, lẹ́yìn tí alámòójútó bá ti kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, tó sì ti gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ, kò tún sí ẹni tó ń retí mi títí di ọjọ́ tí owó mi bá tán.

Mo ti wọ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo fi ìka ra etí fèrèsé náà, dúdú èéfín lẹ̀ mọ́ ọn bíi ti ìdí ìkòkò. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo sì fara da ooru mọ́jú. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀; ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ ọ̀sínjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá sì ti sùn lè má jí mọ́. Bí ẹni méjì bá wà nínú ilé, ó ṣeé ṣe kí orí máa fọ́ ọ̀kan, kó sì ta èkejì jí. Ta ni yóò ta ẹni tó dá wà jí?

Kọ́kọ́rọ́ náà ń kọ́? Irú kan náà lè wà lọ́wọ́ onílé, lọ́wọ́ alámòójútó, lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, àti lọ́wọ́ àlejò àná tó bá ti lọ gé tirẹ̀ pamọ́. Nítorí náà, bí kò bá sí irin tí a lè fi ti ilẹ̀kùn láti inú, n kò ní sùn síbẹ̀, bó ti wù kí pálọ̀ náà lẹ́wà tó. Ní ti kámẹ́rà tí onílé lè fi máa ṣọ́ àlejò, ilé-iṣẹ́ Airbnb, tó ń bá àwọn onílé rí àlejò lórí ayélujára, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní ọdún 2008, fòfin de kámẹ́rà nínú gbogbo ilé tó wà lórí ìkànnì rẹ̀ ní ọdún 2024. Kí ó tó di ìgbà náà, wọ́n fàyè gbà á ní pálọ̀ bí onílé bá ti sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àyágbé tiwa ni a ń gbà lórí WhatsApp, láti ọwọ́ ẹni tí a kò rí rí, tí a sì ń sanwó sínú àkáǹtì ara rẹ̀, nítorí àwòrán tó lè jẹ́ ti ilé ẹlòmíràn. Òfin Airbnb kò dé ibẹ̀ rárá.

N kò sọ pé ilé ìtura kò ní àléébù. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì sùn sí yàrá tó wà lókè ibi ìmutí ní òru Sátidé. Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni kí ọmọ tó wà ní káńtà pariwo pé, “Mọ́mì, yàrá kẹrìnlá o!” nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin jókòó ti ọtí lẹ́yìn mi tí etí wọn ṣí sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún mi.” Ìwòkuwò tí wọ́n máa ń wo obìnrin tó dá wọ ilé ìtura, bí ẹni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lè gbé e débẹ̀, kò tíì tán nílẹ̀ yìí, obìnrin kò sì ní bá a pàdé nínú ilé àyágbé. Mo gbà. Síbẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wò mí yẹn náà ni wọn yóò fi mọ̀ pé n kò jáde.

Ẹni tí yóò bá lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bíi ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní Ìdó tó ní láti máa se ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, ilé àyágbé ni mo gbà á nímọ̀ràn, owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀ bí ọjọ́ bá ti gùn. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sun òru kan ní ilé ìtura, kó fi ojú ọ̀sán wo ilé náà kó tó sanwó, kó sì ṣètò pé kí ẹnì kan nílé máa pè é láràárọ̀ ní aago kan pàtó. Kó kọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni náà. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó wà, àlejò lójú kò sì fi ríran: ẹni tó bá wọ̀ sí Adó lè má mọ̀ bóyá àdúgbò Básírì ló wà tàbí Ajílósun.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí ní Èkìtì ni pé kí wọ́n má fi àwọn ilé yìí sílẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀. Ní ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ wà láti fún ilé ìtura ní ìwé àṣẹ àti láti mójú tó wọn. N kò rí ohun tó yẹ kó dí ilé aṣòfin wa lọ́wọ́ láti fi ilé àyágbé kún un. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí a mọ ẹni tó ni ilé, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí irin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí nọ́ńbà mítà àti nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tó ń gbé nítòsí, tó sì ń gbé ìpè lóru, wà lára ògiri.

Ìwé ìròyìn yín ń dé ọwọ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi wọ́n pé ilé àyágbé mélòó ló wà ní Adó lónìí, àti pé ibo ni orúkọ àwọn tó ni wọ́n wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayẹ̀wé-owó-wò kan,
Òkè-Ìyìnmi, Adó-Èkìtì.