Fìlà Ìjàpá ni mo bá wá o

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ àlọ́ tí wọ́n ń pa fáwọn ọmọ kéékèèké ní kíláàsì ló ń dùn mí.

Pírámárì wan ni mò ń kọ́, ní Ìkòròdú. Òfin Èkó ti 2018 ní kí gbogbo ilé ìwé, tìjọba àti tàdáni, máa kọ́ Yorùbá, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹ wá wo bá a ṣe ń kọ́ ọ. Tíṣà á kọ àlọ́ sí bọ́ọ̀dù látòkè délẹ̀, ọmọ tí ò tíì lè kọ orúkọ ara ẹ̀ tán á máa dà á kọ, yóò wá parí ẹ̀ sí "ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ojúkòkòrò kò dára", wọ́n á há a sórí, wọ́n á bi wọ́n nídàánwò, ó parí. Kò sí "àlọ́ o", kò sẹ́ni tó dá "àlọ̀", kò sẹ́ni tó gberin. Àlọ́ àpagbè tí ò ní ègbè, ṣé àlọ́ nìyẹn àbí nóòtì?

Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ fọ́dún mẹ́rin, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ tí máákà mi gbẹ ni nǹkan yí padà. Ìwé ìròyìn yín tó ti pẹ́ ló kún inú kọ́bọ́ọ̀dù, ni mo bá kó o jáde, ewé kan orí kan, mo ní káwọn ọmọ ṣẹ́ ẹ po ká fi ṣe fìlà Ìjàpá, ògì ni mo sè tí a fi lẹ̀ ẹ́ torí gọ́ọ̀mù ti wọ́n jù. Ẹ ṣáà mọ ìtàn yẹn, ìgbà tí Ìjàpá lọ sílé àna ẹ̀ tó bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà tó dé e, tí orí ẹ̀ fi pá títí dòní. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹ̀bẹ wá nínú kúlà, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo dì í sínú nílọ́ọ̀nù kékeré, mo fi sínú fìlà. Ọmọ kan ṣe Ìjàpá, ọ̀kan ṣe ìyá ìyàwó, àwọn tó kù ń gberin.

Ìjàpá ní òun ń lọ, àna ní òun á sìn ín sọ́nà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ tó ṣe àna yẹn ti mọ̀ pé orí ń jó Ìjàpá, ló bá ń fa kíkí gùn: "Yánníbo ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ará ilé ńkọ́?" Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ o! Ọmọkùnrin tó ṣe Ìjàpá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ó di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń ké pé "Mọ́mì, ẹ padà, ẹ padà jàre, mo ti délé!" Gbogbo kíláàsì fẹ̀rín wó lulẹ̀.

Àwọn kan ní eré lásán ni, pé ìdọ̀tí ni mò ń kó sí kíláàsì, àgàgà látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà èdè ti 2022, èyí tó ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ pírámárì, ní November 2025 tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa fi kọ́ wọn. Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá ti Yunifásítì Ifẹ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ pírámárì ní Ifẹ̀ fọ́dún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ yẹn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún rèé. Ẹ bá wa máa tẹ àlọ́ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ní àwòrán tí ọmọ lè fi síṣọ́ọ̀sì gé, orí Ìjàpá, ìrù ajá, ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ewé yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o, torí ọmọ kan dé fìlà yín lọ sílé, ìkéde òkú ló wà níwájú orí ẹ̀, fọ́tò bàbá arúgbó kan gàdàgbà, ìyá ọmọ náà sì bá mi débi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ fi ìpolówó ọṣẹ síbẹ̀, mo bẹ̀ yín.

Èmi ni,
Anti Pírámárì Wan, Ìkòròdú