Owó tó ń wọlé wẹ́rẹ́

Rónkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà n'Íbàdàn? Àwọn ọmọ ńkọ́? O bi mí pé kí ló dé tí Kánádà fi fagi lé owó-orí kábọ̀n, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lórí epo àti gáàsì nítorí èéfín wọn tó ń mú ayé gbóná. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí dòní, torí mo gbà pé òfin tó dáa ni.

Ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, dọ́là 20 lórí tọ́ọ̀nù èéfín kan. Nígbà tó fi máa di April 2024, ó ti di 80. Ìjọba ò sì kó owó ọ̀hún jẹ: ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń padà sápò ará ìlú. Ní ìpínlẹ̀ Ontario níbí, dọ́là 1,120 ni ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ń gbà lọ́dún yẹn, ẹni tí kì í jó epo púpọ̀ sì ń jèrè.

Àmọ́ gbogbo ìgbà téèyàn bá ra epo ló ń rí ohun tó ń san. Èyí tó ń gbà padà, wẹ́rẹ́ ló ń wọ báǹkì lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò mọ̀ pé àwọn ń gbà á rárá! Ibẹ̀ ni Pierre Poilievre, olórí ẹgbẹ́ alátakò, gbà wọlé, tó ń ké kiri pé kí wọ́n gé owó-orí náà dànù. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá ìjọba láre ní 2021 pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó náà, ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ń ra epo nílé epo, ìjọba jẹ̀bi.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti October 2023. Justin Trudeau, olórí ìjọba nígbà náà, yọ owó náà kúrò fọ́dún mẹ́ta lórí epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná, tó jẹ́ pé àwọn ará ìpínlẹ̀ etí òkun Atlantic ló ń lò ó jù. Àwọn tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná wá ń béèrè pé, àwa ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ fi dá wọn lóhùn? Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Mark Carney, tó ti ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló wá fagi lé e lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba tuntun, ní March 2025. Ti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá nìkan ló kù.

Ìwọ náà rí ohun tójú yín rí nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023. Ìjọba yòówù tó bá fẹ́ gbówó lé epo, kó kọ́kọ́ fi owó ìdápadà lé ará ìlú lọ́wọ́, kí wọ́n rí i, kí wọ́n kà á.

Kọ̀wé sí mi. Èló ni wọ́n ń wọkọ̀ láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ báyìí? Bá mi kí Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnkẹ́