Lẹ́tà sí àbúrò mi káfíńtà, lórí àga kan tó ń mì

Àbúrò mi,

O kú iṣẹ́ o. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé lórí fóònù ní Sátidé, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. O ní kí ni aránṣọ ń wá ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, o tún ní bí wọ́n bá pe káfíńtà pàápàá, kí ni yóò rí kọ́ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, kò lọ dáadáa. Kíláàsì kejì ni wọ́n fún mi, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ. Mo dúró síwájú pátákó, mo ń ròyìn bí mo ṣe kọ́ṣẹ́, iye ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, bí mo ṣe gba fíríìdọ̀mù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ kan fi gbórí lé tábìlì, ó ti sùn lọ. Nígbà tí a jáde, tíṣà wọn kàn rọra sọ fún mi pé, "Ẹ wá nǹkan fún ọwọ́ wọn." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, oorun ò sì tètè kùn mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ wọn wọn tábìlì tíṣà, láti igunpá dé orí ìka àárín. Ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀ọ́dúnrún ìgbọ̀nwọ́ ni gígùn ọkọ̀ Nóà. Ọ̀kan ní mẹ́rin, èkejì ní mẹ́rin ààbọ̀, ẹ̀kẹta búra pé márùn-ún ni. Ariwo sọ. "Ó ń rẹ́ wa jẹ!" Mo ní kí ẹni tó ní mẹ́rin àti ẹni tó ní márùn-ún na apá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Ọmọbìnrin kan tí egbò igunpá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiná ló figbe ta: "Apá tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ!" Ìgbà yẹn ni mo tó fa tépù yọ lọ́rùn mi.

Mo rò pé tépù yóò parí ìjà. Kò parí ẹ̀. Àwọn kan ní 48 ìǹṣì, àwọn kan ní 49, tábìlì kan náà. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ ohun tó fà á, mo gbé e mì. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó dìde, ó lọ síbi tí wọ́n di tépù mú, ó fi èékánná kan ìlà ibẹ̀. "Wọ́n fo ọ̀kan." Lóòótọ́, orí nọ́ńbà kìíní ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti etí irin. Ara mi bù máṣọ.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, ó wá bá mi. "Àǹtí, ṣé tépù yìí lè wọn ulé wa?" Ulé ló pè é, bí Ìyá wa ṣe ń pè é, mi ò sì tún un ṣe. Mo ní yóò wọ̀n ọ́n, tí ó bá ń fàmì síbi tí tépù parí sí kó tó sún un.

Òun náà ló mú ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àga gbọọrọ tí òun àti ọmọ méjì ń jókòó lé ń mì. Ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 15, 15, 15, 14 ààbọ̀. Ó bi mí bóyá mẹ́ta tó gùn ni ká gé, àbí ká fi nǹkan kún èyí tó kúrú. Mo mọ bí a ṣe ń fún aṣọ àti bí a ṣe ń tú u sílẹ̀, àmọ́ igi kọ́ niṣẹ́ mi. Mo ní mo ní àbúrò kan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń retí rẹ.

O ní Òyìnbó rẹ ò já gaara. Ta ló bi ọ́ ní Òyìnbó? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Òyìnbó kọ́ lọ. Bí o ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ ni kí o ṣe bá wọn sọ ọ́, kí o kàn fi ìkanra sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí o sì sọ ti Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ fún wọn. Òun ló gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba wa níbí ní Ìkéré. Ní 1924 wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley nílùú Òyìnbó, British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí níbẹ̀, sì ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà ò tà á; ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó ló gbà ní pààrọ̀ rẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ náà léèrè, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ rí nínú wọn. Inú mi bàjẹ́. Ẹni tó ń fi igi jẹun ló yẹ kí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni, aago mọ́kànlá. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, tíṣà wọn yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Mú rúlà onígun rẹ wá, àti igi kéékèèké tí o ti ha dán kí ó má baà gún wọn lọ́wọ́. Ìṣó ò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò rẹ. Má sì wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí wọ́n máa ń ka ọjọ́. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ yẹn pé òun ni yóò bá ọ di ẹsẹ̀ àga náà mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìkéré-Èkìtì