Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n wọlé

Àkànkẹ́ mi,

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti ìwọ bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ń gbọ́ bí o ṣe ń yí síbí yí sọ́hùn-ún lórí ibùsùn. Lẹ́tà ni mo yàn, torí lójúkojú, bí mo bá ti dé ìdí ọ̀rọ̀, ẹkún ni yóò gba ẹnu mi, ìwọ náà á ní "Màámi, ó ti tó," a ó sì pa á tì bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, kà á tán.

Mo purọ́ nítorí rẹ ní Sátidé tó kọjá. Ọkùnrin tó máa ń ṣíwájú yín tí ẹ bá ń gun alùpùpù lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú àṣíborí rẹ̀ dání, o ní kí n sọ fún un pé o ń sùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú mi, ó mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà kẹrin nìyẹn tí a máa dá ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ padà. Mi ò ní ṣe é mọ́, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀.

Ìwọ kò rántí ọjọ́ ìjàǹbá náà dáadáa. Dókítà ní kì í ṣe ohun àjèjì, pé ẹni tó fi orí gbá lè máà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí n rò ó fún ọ bí wọ́n ṣe rò ó fún mi. Mọ́tò yẹn yà lójijì, ó dí ọ lọ́nà, o gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, o sì fò lọ balẹ̀ sójú títì. Kí èrò tó pé jọ, méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti lọ gbé alùpùpù wọn dábùú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ, wọ́n tan gbogbo iná rẹ̀, kí ọkọ̀ mìíràn má baà wá gun ọ́ mọ́lẹ̀. Ẹnìkan kúnlẹ̀ níbi orí rẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àṣíborí rẹ mú gírígírí kí ọrùn rẹ má baà yí. Àwọn èrò ń pariwo pé kí wọ́n bọ́ ọ kúrò lórí rẹ, kí wọ́n rọ́ ọ sínú mọ́tò, kí wọ́n máa gbé ọ lọ. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń mí geere, kò sẹ́ni tó máa bọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa fà ọ́, àfi tí àwọn onímọ̀ ìlera bá dé. Bí egungun ọrùn bá ti sán, ẹni tó fa àṣíborí yọ láìmọ̀ ọ́n yọ lè sọ ẹni tí ì bá dìde rìn di ẹni tí kò ní rìn mọ́. Ó ń pe orúkọ rẹ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ọsibítù, mo rí i pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Obìnrin tó ń tiro díẹ̀ yẹn ni.

Ìwọ mọ orúkọ tí mo ti máa ń pè wọ́n. Aláriwo. Àwọn tó ń fi ẹ̀mí ṣeré. Mo ti bá ọ jà nítorí wọn títí tí o fi kúrò nílé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kẹta tí o wà lórí ibùsùn ọsibítù, mo bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n foríjì mí. Ìwọ náà, mo bẹ̀ ọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ tí o ṣubú, o kò wo iwájú, o kò wo ẹ̀yìn. Ògiri lò ń wò láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá wá. Mo rò pé mo mọ ohun tó ń dè ọ́. Ìtìjú ni. Ìwọ lò ń kọ́ àwọn tuntun nínú yín, ìwọ ni wọ́n ń tọ́ka sí pé ó mọ̀ ọ́n gùn, ìwọ náà ló wá ṣubú lójú gbogbo wọn. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ọkùnrin tó ń ṣíwájú yín, ó sì sọ nǹkan kan fún mi tí mo lọ wádìí fúnra mi. Ní ọdún 1981, Harry Hurt àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Southern California gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù ní agbègbè Los Angeles. Ojú ibi tí ìjàǹbá 900 ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n dé fúnra wọn. Nínú èyí tí alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn ti kọlu ara wọn, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé awakọ̀ kejì ló gba ọ̀nà tó yẹ kó fi sílẹ̀ fún oní-alùpùpù. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹnikẹ́ni. Ojú wọn kò rí alùpùpù, tàbí kó rí i nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ti pẹ́, àmọ́ ohun tó ṣe ọ́ gan-an nìyẹn.

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kí o lè di gbogbo ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ìwọ fúnra rẹ sọ fún mi lóru ọjọ́ kan pé mọ́tò náà ni o tẹjú mọ́, pé o kò tilẹ̀ wá àlàfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún obìnrin yẹn, ó mi orí, ó ní bó ṣe ṣe òun náà nìyẹn, pé ibi tí ojú bá wà ni alùpùpù ń lọ, pé ẹ̀rù a sì máa so ojú mọ́ ohun tí à ń sá fún, àti pé ó gba ìdánrawò púpọ̀ kí ojú tó lè kọ̀ fún ẹ̀rù. Ta ló máa bá ọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé yìí? Èmi tí mi ò mọ bíréèkì iwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn? Mo lè wẹ̀ ọ́, mo lè di ẹsẹ̀ rẹ, mo lè jí lóru. Èyí tó kù, ọwọ́ wọn ló wà.

Ojúgun kan náà tó kán lẹ́sẹ̀ rẹ ló kán lẹ́sẹ̀ obìnrin náà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Irin gbọọrọ kan náà ni wọ́n tì bọ inú egungun rẹ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, òun ti pinnu nínú ara òun pé ẹsẹ̀ òun ti bàjẹ́, pé àwọn dókítà ń pa á mọ́ fún òun ni. Bẹ́ẹ̀ egungun ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì yí ojú ibi tó ṣẹ́ ká ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ohun rírọ̀ bíi kerekere á so ẹnu méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa le díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di egungun. Ojúgun lọ́ra ju ọ̀pọ̀ egungun lọ. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà, ti àwọn mìíràn a sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. O kò tíì pé oṣù mẹ́ta! Kí lo wá ń bínú sí ẹsẹ̀ náà fún?

Àmọ́ o gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Sìgá tí o rò pé mi ò mọ̀, mo mọ̀. Sìgá a máa fa ọwọ́ aago egungun sẹ́yìn. Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. Iṣan itan rẹ ti joro, mo ń rí i tí mo bá ń wẹ̀ ọ́, ìgbà mẹ́ta lo sì ti kọ̀ láti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ ní eré ìmárale, o ní kò sí ọkọ̀. Ọkọ̀ wà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun á máa gbé ọ lọ lọ́jọ́ Túsìdé àti Fúráìdè, kò sì béèrè kọ́bọ̀. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ bá sì wú lójijì, tó gbóná, tó ń ro ọ́, tàbí tí èémí rẹ bá ń gé, tí àyà ń dùn ọ́, má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Jí mi. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa èèyàn.

Mo ń gbọ́ ọ lóru. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń kígbe, mo sì mọ ìdí tí o kì í fi í jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí tí ọkọ̀ bá ń kọjá. Tí èyí bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì péré, ǹ bá ní ara ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀. Ó ti ju oṣù kan lọ dáadáa. Tó bá ti pẹ́ tó báyìí, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe ojo. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe dókítà, àwọn náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti bá dókítà rẹ sọ ọ́, ó sì ti dárúkọ ẹni tí a ó lọ rí. Màá bá ọ lọ, bí o bá fẹ́ kí n dúró síta, màá dúró síta.

Àṣíborí rẹ ṣì wà lórí tábìlì. Má ṣe wọ̀ ọ́ mọ́ láé, má sì fún ẹlòmíràn wọ̀. Fóòmù líle inú rẹ̀ ló rún kí agbárí rẹ má baà rún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ní àwọn òru tí mo fi jókòó tì ọ́ ní ọsibítù, mo kà nípa T. E. Lawrence, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ó ń yà fún ọmọdékùnrin méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀ láìwọ àṣíborí. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ló kú. Hugh Cairns, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó tọ́jú rẹ̀, kò lè gbé ikú náà kúrò lọ́kàn. Ó ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ ogun tó ń gun alùpùpù, nígbà tó sì di 1941, ó kọ̀wé nípa bí àṣíborí ṣe ń gba orí là. Mo ka ibẹ̀, mo wo orí rẹ lórí ìrọ̀rí, mo sì bú sẹ́kún. Èyí tó fọ́ yìí ni mo fẹ́ tọ́jú. Tèmi ni.

Àwọn kan nínú wọn, àwọn ọ̀dọ́, á ní kí o tètè gorí rẹ̀ padà kí ẹ̀rù má baà fìdí múlẹ̀. Ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Má bínú sí wọn, má sì gbọ́ tiwọn. Títí dókítà yóò fi ní ó yá, títí ẹsẹ̀ yẹn yóò fi lè gbé ìwúwo alùpùpù ró, títí o ó fi ṣíwọ́ oògùn ìrora tó ń kùn ọ́ lóorun, ilẹ̀ ni kí o wà. Lọ́jọ́ tó bá sì yá, pápá tó ṣófo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe títì. Mi ò ní sọ pé kí o tà á. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo gbà á padà. Wọ́n bá ọ tọ́jú rẹ̀ pamọ́, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ìwọ ló máa sọ bóyá kí àwọn tún un ṣe.

Bí o bá sì rí i pé o kò fẹ́ gùn mọ́ ńkọ́? Mo bi wọ́n léèrè. Ọkùnrin tó ń wọ awò, tó máa ń wa mọ́tò wá kí ọ, ló dá mi lóhùn. Ó ní ọdún mẹ́rin rèé tí òun ti gun alùpùpù kẹ́yìn, kò sì sí ibi tí wọ́n ń lọ tí wọn kò pe òun sí.

Ọ̀la ni Sátidé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ọkùnrin yẹn àti obìnrin náà. Mo ti gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ nígbà tí o wà ní balùwẹ̀, torí obìnrin náà kò lè dúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀ yẹn. Bí o kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn á kàn jókòó. Tí wọ́n bá ti kan ilẹ̀kùn, màá ṣí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ