Wọ́n Ti Fi Ọ̀dà Pupa Sàmì Sára Ilé Bàbá

Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn alẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ìbejì,

O kú òtútù o. Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, àbí Gẹ̀ẹ́sì imú yẹn náà ni?

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín tán. O ní láti ìgbà tí ẹ ti fi owó báǹkì ra ilé ní Manchester lo ti ń jí lóru, tí ò ń ṣírò ọdún 25 tó kù kí ilé náà tó di tiyín. O wá bi mí pé, “Àjọkẹ́, ta lọkàn rẹ̀ tilẹ̀ balẹ̀ láyé yìí?” Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ohun tí mo lè fi ohùn dáhùn, ni mo fi mú bírò.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn tó fẹ́ fẹ títì dé. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju Dàpọ̀ mi lọ ló gbé agolo ọ̀dà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó fa ìlà méjì dábùú ara wọn sára fẹ́ńsì wa, ó kọ nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà pupa náà ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo lómi tóun lè fi fọwọ́. Mo bu omi fún un. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọmọ ẹni ni wọ́n rán níṣẹ́.

O mọ ilé náà. Abẹ́ máńgòrò ibẹ̀ la ti kàwé WAEC wa. Ọdún 19 ni Bàbá fi kọ́ ọ. Bí wọ́n bá sanwó aṣọ òfì ìgbéyàwó fún un, búlọ́ọ̀kù ni. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lówó, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ìdí rèé tí ògiri yàrá ẹ̀yìn fi ní àwọ̀ mẹ́ta, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní òun máa gbé lé e kò ju irin tó yọrí sókè lórí àwọn òpó lọ títí dòní. Okùn ni mo so mọ́ ọn, mo ń sá aṣọ sí i.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n jókòó. Ó tiwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà jáde, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn látìgbà tí Màmá ti lọ. O mọ ọwọ́ rẹ̀, àwọn ìka tí ọ̀kọ̀ òfì ti tẹ̀ tí wọn ò nà mọ́. Èmi ni mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Gbà. Kò sóhun tí mo tún fẹ́ fi í ṣí.” Mo rò pé ìrànrán ló ń sọ. Ó rí i lójú mi, ó bú sẹ́rìn-ín: “Orí mi pé, Àjọkẹ́.”

Gbogbo wa la máa ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí náà ń sọ ọ́. Ó ti rọ̀ lẹ́nu wa jù, ó ti di ohun tí à ń kọ sẹ́yìn mọ́tò. Ṣùgbọ́n wo àwọn obìnrin ọjà nígbà tílẹ̀ bá ń ṣú. Èyí tílé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ká tòmátì rẹ̀ nílẹ̀, ó ń fi èyí tó ti rọ̀ ṣe èènì, ó ń bá ẹni tó wà nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà. Èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò mọ ibi tóun máa sùn, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú títì. Ṣéńjì kékeré bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo ta. Ọjà kan náà ni o, ìrọ̀lẹ́ kan náà. Bàbá ti mọ ibi tó ń sùn.

Èmi ni mi ò tíì mọ̀, ọ̀dà pupa ló fi yé mi. Lóru Ọjọ́bọ̀ yẹn, oorun ò kùn mí rárá. Mo ṣí Jòhánù orí 14, ibi tí Jésù ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùgbé tó wà nílé Baba rẹ̀. Mo ti mọ ibẹ̀ lórí láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Gbólóhùn kékeré tó wà láàárín ẹsẹ náà ni mi ò kíyè sí rí: “ìbá má ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ìbá ti sọ fún yín.” Àbẹ̀kẹ́, ta ló ti bá wa sọ̀rọ̀ ilé báyìí rí? Ajẹ́ńtì kì í sọ pé omi ń wọlé. Ọmọ onílẹ̀ kì í sọ pé òun ti tà á fún ẹlòmíràn. Àwọn tó fẹ́ fẹ títì ò sọ fún wa. Ẹnìkan ṣoṣo rèé tó ní bí kò bá sílé ni, òun ì bá ti wí, òun ò ní jẹ́ kí a máa retí òfìfo. Alẹ́ tó sọ ọ́, ó ku wákàtí díẹ̀ kí wọ́n wá mú un. Ẹni tó fẹ́ purọ́ kì í yan irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ̀yìn tì. Mi ò rí òpópónà wúrà lójú àlá o. Ẹnu Ẹni tó sọ ọ́ ni mo gbà gbọ́.

Ó wá mú mi rántí Àjàyí Crowther. Òṣoògùn ìlú rẹ̀ kò kúkú jìnnà sí wa. Ní 1821 tí wọ́n jó ìlú náà, ọmọdé ni. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n tà á látọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n lójú òkun ní 1822, tí wọ́n kó wọn lọ sí Freetown. Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Afala. Ọdún 25, bíi ti gbèsè ilé yín! Ọ̀rọ̀ ò lè jáde púpọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tó ń jẹ́ Hannah. Ọmọ yẹn ló wá ṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pe ohun tó wà nílé Baba yẹn ní ilé ńláńlá. Tiwa ní ibùgbé, ibi tí èèyàn ń gbé. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju ààfin lọ.

Má rò pé mo káwọ́ lẹ́rán o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwa tí wọ́n sàmì sílé wa máa pé jọ. Mo ti kó ìwé ilẹ̀ Bàbá sínú náílọ́ọ̀nù, mo sì máa gba owó gbà-má-bínú mi pé. Pásítọ̀ kan ní kí n má bá wọn fà á, pé ọ̀run nilé mi. Mo ní òótọ́ ni, sà, ṣùgbọ́n Bíbélì ò ní kí n sùn sínú òjò kí n tó débẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí: bí mo bá gbọ́ ìró katakata lókèèrè, àyà mi á já. Àmọ́ ẹ̀rù náà ti ní ibi tó mọ. Ó dé ọ̀dọ̀ fẹ́ńsì, ó dé ara ògiri aláwọ̀ mẹ́ta yẹn. Kò dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

Ìwọ náà, máa sanwó báǹkì rẹ lásìkò. Ṣùgbọ́n bí o bá tún jí láago mẹ́ta òru, fi ìṣirò sílẹ̀, ka gbólóhùn kékeré yẹn. Tàbí kí o pè mí. Mo sábà máa ń jí nígbà yẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́hùn-ún lóṣù tó ń bọ̀. Mo di gèlè òfì kan fún un kó mú wá fún ọ, ara èyí tí Bàbá hun gbẹ̀yìn ni. Ìlà funfun kan wọ́ díẹ̀ létí rẹ̀, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tún un ṣe.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́.