Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ gbèsè tí ẹnì kan ò mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Inú mi ò dùn bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́.

Lóṣù tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi. Àwòrán ọmọkùnrin àdúgbò wa kan ni, ọmọ tí mo mọ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń pọ̀n ọ́n. Wọ́n kọ OLÈ gàdàgbà sí i níwájú orí, wọ́n ní ó ti gbé owó àwọn sá lọ, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣọ́ra fún un. Pásítọ̀ rẹ̀ rí i. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ télọ̀ rí i. Ìdílé ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ náà rí i. Nítorí ₦20,000! Orí áàpù kan ló ti yá a. Wọ́n yọ èlé tiwọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, ₦14,000 ló bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, wọ́n ní kó dá ₦20,000 padà láàárín ọjọ́ méje. Nígbà tí kò rí i san, ó yá ti áàpù kejì fi dí ti àkọ́kọ́, ó yá ẹ̀kẹta fi dí ti èkejì. Ó ti fi ìlú sílẹ̀ báyìí. Ìyá rẹ̀ ò mọ ibi tó wà.

Gbèsè fúnra rẹ̀ ò bà mí lẹ́rù. Àgbàlagbà wo ló wà tí kò jẹ gbèsè rí? Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ yìí ń gbé ẹrù yìí káàkiri, a sì jọ ń kí ara wa láràárọ̀, “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá,” ẹnì kan ṣoṣo ò mọ̀.

Mo rántí àwọn òṣómàáló. Ẹ̀yin ò bá wọn láyé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ ni wọ́n, wọ́n a ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n a tà á láwìn fún àgbẹ̀, wọ́n a padà wá gbowó. Bí o kò bá rí i san, aláṣọ á lóṣòó síwájú ilé rẹ, kò sì ní dìde. Ọ̀kan wá sílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi ló jẹ ẹ́ lówó. Ìdájí ló dé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo agbo ilé ti gbọ́. Ojú ti bàbá mi gan-an. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó mú, baálé ti jáde, ó fìdí kalẹ̀, ó pe bàbá mi, ó ní, “Èló ni?” Kò bi í léèrè ohun mìíràn. Àbúrò bàbá mi mú díẹ̀ wá, wọ́n dá ìyókù sí ìgbà tí a bá ta kòkó, baálé sì ṣe onígbọ̀wọ́. Aláṣọ jẹ àmàlà lọ́dọ̀ wa kó tó lọ. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni bàbá mi tún ti ra aṣọ lọ́dún kejì.

Ìtìjú wà ńbẹ̀, ariwo wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ló ń wo ojú. Ẹni tó wá sin gbèsè lórúkọ, ó nílùú, ó ṣeé bẹ̀. Ta lẹ fẹ́ bẹ̀ nínú áàpù? Ẹ dá mi lóhùn. Ta ni?

N kò ní kí ẹ gbé gbogbo ohun àtijọ́ jáde o. Alàgbà Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá parí ní 1897, sọ nípa ológò, ẹni tí olówó ń rán lọ jókòó ti ajigbèsè, tí yóò máa bú u, tí yóò máa pa adìẹ tó bá rí nínú ilé jẹ, títí ará ilé yóò fi dá sí i. Ìyà nìyẹn. Ìwọ̀fà náà, bẹ́ẹ̀ ni: ọmọdé á máa ṣiṣẹ́ lóko ẹlòmíràn nítorí owó tí bàbá rẹ̀ yá, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, owó gan-an á sì wà bó ṣe wà. Kí ìyẹn máa sùn níbi tó wà.

Èésú ni mo ní kí ẹ wá rí. Kò jọ àjọ. Ti àjọ, alájọ á máa yí ká gba iye tí agbára rẹ ká, á sàmì sí káàdì, lóparí oṣù á yọ ti ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, á kó ìyókù fún ọ. Òun la fi ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ń gba owó èèyàn rẹpẹtẹ láìkọ ọ́ sílẹ̀, tí kì í sì í ṣi ti ẹnikẹ́ni san. Ti èésú, iye kan náà ni gbogbo yín ń dá, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn á kó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Ẹ ronú sí i: ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti yáwó láìsan kọ́bọ̀ lélé, ẹni tó kó o kẹ́yìn ti tọ́jú owó. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun ò gbàgbé rẹ̀. Ní Trinidad títí dòní, susu ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń dá a. Ẹni tí wọ́n gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rántí, ìwọ tó wà nílé bàbá rẹ lo ń lọ gba owó èlé sọgúndogójì lọ́wọ́ ẹni tí o kò rí rí!

Ìyá mi dá èésú pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún kan tó fẹ́ fi tirẹ̀ ra páànù, ọmọ ọ̀kan nínú wọn ṣàìsàn tó le. Olórí èésú pe gbogbo wọn jọ, ó ṣàlàyé, ìyá mi sì yọ̀ǹda ipò rẹ̀ fún ìyá ọmọ náà. Òjò ọdún yẹn rọ̀ lé wa lórí. Inú bí mi, mo tiẹ̀ sọ ọ́ jáde. Ìyá mi ní, “Ṣé mo ní kò níí kàn mí mọ́ ni?” Ó kàn án. Ọmọ yẹn yè, ìyá rẹ̀ ló tún wá bá wa gbọ́únjẹ fún àwọn kanlékanlé.

Aáró ńkọ́? Iṣẹ́ la fi ń yá ara wa níbẹ̀, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ẹ̀yin télọ̀, tí iṣẹ́ aṣọ ẹbí bá já lu ẹnì kan nínú yín, kí mẹ́ta lọ bá a rán an, kó má lọ yáwó gba ọmọṣẹ́.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣòfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó Gbédùn, nítòsí Ìbàdàn níbí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní 1937. Wọ́n ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́ nínú èésú àti aáró. Ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀, kọ nípa ètò àwùjọ wa bí irú èyí ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó kú ní 1944, ìwé náà ò sì jáde títí di 1970. Mélòó nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Ẹ máa ní olórí èésú náà ń kówó sá. Mo mọ̀. Ẹ má bá ẹni tí ẹ ò mọ ilé ìyá rẹ̀ dá èésú. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ dá ₦10,000 kó di ₦50,000, ẹ rántí MMM, ètò tó ní owó á máa bí owó, tó wá dá owó àwọn èèyàn dúró ní 2016. Èésú kì í bímọ.

Tó bá di dandan pé orí fóònù lẹ ti máa yá a, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá áàpù náà wà lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Láti 2022 ni wọ́n ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n lọ ká àwọn aláàpù kan mọ́ ọ́fíìsì ní Ìkejà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí nọ́ńbà àwọn èèyàn yín. Ẹ sì sọ fún ẹnì kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan péré! Kí ló le níbẹ̀?

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bá wá jẹ́wọ́ gbèsè, ẹ má kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Ẹ bi í pé èló ni.

Èésú àdúgbò wa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ₦2,000 lọ́sẹ̀. Télọ̀ wà níbẹ̀, fọkanáísà wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta àgbo náà ti fọwọ́ sí i. Àyè ṣì wà fún ẹni márùn-ún. Kí kálukú mú ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dání, tí yóò dúró fún un.

Èmi ni bàbá yín,
láti Mọ́níyà, Ìbàdàn.