Sìdí mi, jẹ́ kí n ròyìn Ìyá Àgbà fún ẹ

Sìdí mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo nǹkan lọ́hùn-ún? Òtútù ńkọ́, ọkọ ẹ ńkọ́, ẹrù tó wà níkùn ńkọ́? Mo rí gbogbo mẹ́sẹ́èjì tó o fi ránṣẹ́ nígbà tó o gbọ́ pé Ìyá Àgbà tó bí màmá mi ti kú, "àmín, o ṣé" nìkan ni mo ń rí fi dá ẹ lóhùn torí èrò pọ̀ nílé nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ju èyí tí èèyàn ń tẹ̀ lórí ìdúró lọ. Àbẹ̀kẹ́ ti sùn báyìí, iná ò sí, fóònù mi ṣì ní ṣáàjì, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ bó ṣe rí. Ìwọ náà kúkú mọ̀ wọ́n, àìmọye ìgbà lo jẹ àmàlà wọn ní Ìṣẹ́yìn.

Wọn ò dùbúlẹ̀ àìsàn rárá. Wọ́n ní ara ń ro àwọn lálẹ́ Túsìdé, wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n sùn, ìgbà tí àwọn ará ilé ò gbúròó wọn ní ìrun àsùbáà ni wọ́n lọ kanlẹ̀kùn. Àǹtí mi ló pè mí. O mọ̀ pé tiwa kì í pẹ́ nílẹ̀, lẹ́yìn alàásárì ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa kírun sí wọn lára, la bá kó sí mọ́tò láti Ọ̀jọ́ọ̀, èmi, dádì Àbẹ̀kẹ́, ọmọ lẹ́yìn mi. Ṣé o rántí bí ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn ṣe rí nígbà tó o wà nílé, tí kòtò fẹ́ẹ̀ máa gbé mọ́tò mì? Wọ́n ti ṣe é o, nǹkan bíi kìlómítà 65 yẹn, ọ̀dà tó mọ́ rekete. Mo ń wò ó, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń dúpẹ́, torí ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, a ò bá má bá wọn lókè eèpẹ̀. Wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì wọ́n tán nígbà tá a dé, àmọ́ wọ́n ṣí ojú wọn fún mi, mo rí wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ pé kí n má sunkún. Òkú àgbà ni, òkú ọ̀fọ̀ kọ́, wọ́n rí ọmọ, wọ́n rí ọmọ-ọmọ, wọ́n tún rí ọmọ tí ọmọ-ọmọ bí, kí ló tún kù tí wọ́n ń wá láyé? Òótọ́ ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, a pa màlúù lọ́jọ́ kẹjọ, a ṣàdúrà, a fún èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n pé wọ́n dàgbà ò ní kí àárò wọn má sọ mí. Ó ń sọ mí gan-an ni.

O ò sí ńlé nígbà tí mo bímọ, o ò rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Màmá mi ò rí àyè kúrò níbi iṣẹ́, Ìyá Àgbà ló wá tì mí títí mo fi pé ogójì ọjọ́, ogójì pé tán wọn ò tún lọ. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, báfù omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn tí wọ́n ti fọwọ́ ra títí tó fi rọ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi àdí pa á lára, wọ́n á na apá ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì, apá òsì pàdé ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n á wá gbé e jù sókè, àyà mi á já, wọ́n á ní, "Jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi jàre, èmi ni mo wẹ ìyá ẹ, èmi ni mo wẹ ìwọ náà." Oríkì ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ẹbẹdí, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ aláṣọ òfì, ọmọ yẹn á dákẹ́ ẹkún, á máa wò wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ omi nìkan ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ pé ọmú nìkan fún oṣù 6, kò sómi, kò ságbo. Ìyá Àgbà ní nínú ooru yìí? Ṣé a fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọmọ ọlọ́mọ ni? Mi ò lè bá wọn ṣe agídí, nígbà tó di abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 mo bá mú wọn dání lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn, Ọlọ́run á bù kún un, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé omi ló pọ̀ jù nínú ọmú fúnra ẹ̀, ká pín in sí ọ̀nà 100, omi á tó nǹkan bíi 88, àti pé omi ìta lè kó ìgbẹ́ gbuuru bá ọmọ. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. A délé, wọn ò dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyàwó kan ní yàrá kejì bímọ, Ìyá Àgbà ló lọ jókòó tì í, wọ́n ń ṣàlàyé omi inú ọmú fún un. Ẹni tó ti lé ní 80 ọdún! Èyí ni mo fẹ́ kí wọ́n máa rántí mọ́ wọn, kì í ṣe pé wọ́n dàgbà kí wọ́n tó kú nìkan.

Ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, wọ́n ti padà sí Ìṣẹ́yìn, fídíò la fi ń hàn wọ́n. Eyín hù, wọ́n ní kí n la ẹnu ẹ̀ síwájú fóònù, "Ṣé òkè ni àbí ìsàlẹ̀?" Mo ní ìsàlẹ̀ ni, méjì, wọ́n ní alùhamdulilái, ara wọn balẹ̀. Ó wá di ọ̀rọ̀ rírá. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń rá, tiẹ̀, ìdí ló fi ń wọ́ káàkiri pálọ̀, mo ń dààmú, mò ń bi gbogbo ayé léèrè. Ìyá Àgbà ní kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀, pé èmi náà ò rá, ìdí ni mo fi wọ́ títí mo fi dìde lọ́jọ́ kan. Mi ò gbọ́ ọ rí! Mo bi màmá mi, àwọn náà ò rántí. Ìyá Àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Irú nǹkan báyìí ló ń pa mí lẹ́kún, Sìdí. Ta ni mo tún fẹ́ bi báyìí pé báwo ni mo ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ? Gbogbo ẹ̀ ti bá wọn lọ, èyí tí mi ò tíì bèèrè.

Mo ti wá ń kọ ti Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sínú ìwé kan. Ó ti gba abẹ́rẹ́ oṣù 9, ti èéyi yẹn, ibà mú un fúngbà díẹ̀ ó lọ. Ó ń di àga mú dìde, á dúró, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, á pàtẹ́wọ́ fún ara ẹ̀, á ṣubú. "Bàbá" ló kọ́kọ́ pè, inú dádì ẹ̀ dùn ju èyí tó yẹ lọ. Màmá mi fún mi ní ìró alaárì kan nínú èyí tí Ìyá Àgbà ń tà ní ọjà Ọjẹ́ láyé ọjọ́sí, tí wọ́n máa ń ná ní ìtàdógún-ìtàdógún, mo ti ká a pamọ́ dè é. Àwọn kan ti ń wo ikùn mi, wọ́n ní kí n tètè bí Yétúndé. Mi ò tíì ṣetán o, ẹ jẹ́ kí n tọ́ eléyìí ná.

Ó wá kan ìwọ. O ní ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wẹ ọmọ lọ́hùn-ún. Mo máa ṣe fídíò ẹ̀ fún ẹ, láti orí rírọ kànìnkànìn títí dé orí nína apá nína ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an ni mò ń ṣe é. Jíjù sókè yẹn nìkan ni kó o fi sílẹ̀, èmi náà ò ṣe é, mi ò ní ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ọlọ́run á sọ ẹ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Tí físà màmá ẹ bá ti jáde, tètè sọ fún mi kí n gbé ọṣẹ dúdú àti àdí lọ fún wọn kí wọ́n tó di ẹrù, àdí tòótọ́ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi nǹkan lú. Kí ọkọ ẹ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́